Ọmọ Mi Kì í Ṣe Nọ́ńbà

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó jí wa sáyé láàárọ̀ yìí, tí ó sì fi okun sí ọwọ́ tí mo fi ń kọ̀wé. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àdúrà lórí wa. Mo kí ìyá mi. Mo lérò pé orúnkún wọn ti fúyẹ́, àti pé wọn kò fi omi tútù wẹ̀ mọ́ gẹ́gẹ́ bí dókítà ti wí.

Bàbá, ìdánwò kálíkúlọ́ọ̀sì náà ti kọjá, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ẹ rántí pé mo sọ fún yín pé ìṣirò yìí ni a fi ń wá ìdí ohun tí kì í dúró sójú kan: omi tó ń ṣàn, ooru tó ń tàn kálẹ̀, ọkọ̀ tó ń sáré tó sì ń dẹwọ́. Èyí tí a ṣe lọ́dún tó kọjá dà bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Ti ọdún yìí, ògiri ni, kò sí àtẹ̀gùn níbẹ̀.

Gbọ̀ngàn ńlá kan ni wọ́n kó wa sí, tábìlì jìnnà sí tábìlì, aago kan sì wà lára ògiri tí ìró rẹ̀ ń gún ni létí. Obìnrin tó ń ṣọ́ wa wọ bàtà tí kì í dún. Ẹ kàn máa rí i lẹ́yìn yín ni, bí òjìji. Nígbà tí mo ka ìbéèrè kẹrin, mo rò pé ìwé ẹlòmíràn ni wọ́n fún mi. Wọ́n ní kí a wá bí ooru ṣe ń rìn gba inú irin kan tí ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì wà nínú yìnyín. Olùkọ́ wa kò kọ́ wa débẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo fi ìlà fa gbogbo rẹ̀ pa, mo tún un ṣe ní ojú ewé tó kẹ́yìn. Ẹni tó jókòó níwájú mi gbé orí lé tábìlì, kò sì gbé e sókè mọ́ títí wọ́n fi gba ìwé.

Bí mo bá kùnà nínú èyí, n kò ní lè wọ ọdún tó kẹ́yìn. Wọn a gbé mi lọ sí ẹ̀ka mìíràn, iṣẹ́ ẹnjinníà tí mo torí rẹ̀ kúrò nílé a sì di àlá. Bí mo bá ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìrọ̀lẹ́, ìbéèrè kẹrin náà ni mò ń rí lórí ilẹ̀ tí mò ń nù.

Ẹ bá mi gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ wá orúkọ mi lórí ìwé náà bí ẹ bá ń gbà á. Ní ilẹ̀ òkèèrè níbí, a kì í kọ orúkọ sórí ìwé ìdánwò. 114 ni mo jẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ yín,
Ìyá Oníṣirò


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà

Ọmọ mi àtàtà, Ìyá Oníṣirò,

Ògo ni fún Ẹni tí ó mú ìwé rẹ rin ìrìn àjò láìsọnù. Ara wa le. Orúnkún ìyá rẹ ti sàn díẹ̀. Omi tútù ni ó ṣì fi ń wẹ̀, ó ní dókítà kọ́ ni ó bí òun.

Mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀kan, mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún ìwé náà kà. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé míṣọ́n kí n tó gba ìsinmi, ìwọ náà sì wà nínú àwọn tí mo kọ́. N kò fi ọjọ́ kan bi ọmọdé ní ohun tí n kò kọ́ ọ. Ẹni tí kò gbin àgbàdo kì í gbé agbọ̀n lọ sóko ìkórè. Irú olùkọ́ wo ni ó ń béèrè ohun tí kò fi fúnni? Èyí kì í ṣe ìdánwò, pańpẹ́ ni.

Èyí tí ó wá dùn mí jù ni ti 114. Nọ́ńbà! Ọmọ tí a gbé lọ́wọ́, tí a sọ lórúkọ, tí a gbé síwájú pẹpẹ! Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni mo mọ̀ tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà pe ènìyàn. Olùṣọ́ àgùntàn rere a máa fi orúkọ pe ẹran rẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ni, bí mo bá gbé ìwé ìdánwò sọ́wọ́, mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ kọ̀ọ̀kan; mo mọ ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, mo mọ ẹni tí kò jẹun kí ó tó wá. Báwo ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́ yóò ṣe ṣàánú rẹ?

Nítorí náà n kò káwọ́ gbera. Mo ti kọ ìwé sí olùkọ́ rẹ. Mo rí àdírẹ́sì ilé ìwé náà lórí ìwé tí wọ́n fi gbà ọ́ wọlé. N kò bú u. Míṣọ́n kò kọ́ wa ní èébú. Mo kí i bí ó ti yẹ, mo béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ bóyá ó ní. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún un pé ẹni tí ó ń pè ní 114 ní orúkọ, mo sì kọ orúkọ náà jáde, tòun ti ti bàbá àti ti bàbá bàbá. Mo ní kí ó wo ìbéèrè kẹrin dáadáa, pé ọmọ mi ni ó fi ìlà fa ti àkọ́kọ́ pa, tí ó tún un ṣe ní ojú ewé ìkẹyìn. Kí ó má ṣe fojú fò ó.

Ìyá rẹ ní, "Bàbá, ṣé ó rán yín níṣẹ́?"

Mo ní, "Ta ni í dúró de ìránṣẹ́ kí ó tó gbèjà ọmọ rẹ̀?"

Ó mi orí, ó tẹ̀síwájú nínú aṣọ tí ó ń ká.

Fọkàn balẹ̀. Nísinsin yìí, wọ́n ti mọ̀ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù keje

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí ìyá mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹ wà láàyè. Ẹ má bínú pé ìkíni mi kúrú. Bí mo bá fà á gùn, omijé ni yóò ba ìwé yìí jẹ́.

Ẹ dákun, kí lẹ ṣe sí mi báyìí?

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n lẹ èsì mọ́ ògiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀ka wa. Gbogbo wa rọ́ síbẹ̀. 113 rí tirẹ̀. 115 rí tirẹ̀, ó ń fò sókè. Níwájú 114, ìlà kékeré kan ni wọ́n fà síbẹ̀. Mo fi ìka tọ ìlà náà bí afọ́jú. Ẹnìkan lẹ́yìn mi ní, "Jọ̀ọ́, kúrò níbẹ̀ kí àwa náà rí tiwa."

Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Akọ̀wé ẹ̀ka wa, obìnrin kan tí kì í gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, fa ìwé yín yọ láti inú fáìlì. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti mọ ọwọ́ yín.

Ó ní, "Ṣé bàbá rẹ nìyí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ìwọ ni o ní kí ó kọ ọ́?"

Mo ní rárá. Ó ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ológbò ni ó ṣí ìkòkò, ó jẹ ẹja, ó sì tún dé e padà.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó yẹ kí n ti ṣàlàyé tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà náà kì í ṣe àbùkù. Wọ́n fi ń bo ojú ẹni tó ń máàkì ni, kí ó má baà mọ̀ bóyá ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ń máàkì, tàbí àlejò bíi tèmi. Ẹ ti ṣí ìbòjú náà kúrò. Ẹ dárúkọ mi, ẹ sọ nọ́ńbà mi, ẹ tún júwe ojú ewé tí mo kọ ìdáhùn sí. Lójú wọn, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ojúrere ni ó ń wá. Òfin wọn ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ yọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀, kí ìgbìmọ̀ kan jókòó lé e lórí.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé aṣojú kíláàsì wa ti lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ìbéèrè kẹrin náà nítorí gbogbo wa, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ti gbọ́. Wọ́n ní olùkọ́ kò kọ́ wa débẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì fi ojú àánú wò ó fún gbogbo kíláàsì. Gbogbo ènìyàn ni ó jẹ àǹfààní rẹ̀, àfi èmi.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù. Ìgbìmọ̀ náà fẹ́ ìwé tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ, tí ẹ sì fọwọ́ sí, pé n kò rán yín, pé ẹ kò mọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń máàkì, àti pé ẹ kò ní kọ̀wé sí wọn mọ́ lórí ìdánwò mi. Bí kò bá dé kí oṣù kẹjọ tó parí, wọn a fagi lé ìdánwò mi. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tí ẹ bá gba èyí gan-an ni kí ẹ kọ ọ́.

Ọmọ yín,
114


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù keje

Ọmọ mi,

Ọlọ́run ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìlera, nítorí bí kì í bá ṣe òun, ìwé rẹ ì bá ti gbé mi dè.

O fi nọ́ńbà fọwọ́ sí ìwé tí o kọ sí bàbá rẹ. Mo fi ìwé náà lélẹ̀, mo jáde, mo dúró ní ìta, mo ń wo òpópónà títí ara mi fi balẹ̀. Èmi tí mo gbé ọ lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ! Èmi tí mo fi Ìyá Oníṣirò pè ọ́ nítorí pé nígbà tí àlùfáà ń wàásù, ìwọ ń ka bíríkì ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, o sì kígbe iye rẹ̀ síta nígbà tí gbogbo ìjọ dákẹ́ jẹ́ẹ́!

Jẹ́ kí n wò ó bóyá ó yé mi. Àwọn tí wọ́n béèrè ohun tí wọn kò kọ́ni, àwọn ni aláre. Èmi tí mo ní ọmọ mi ní orúkọ, èmi ni kí n wá ro ẹjọ́. Wọ́n fẹ́ kí n búra bí olè tí a ká ewúrẹ́ mọ́ lọ́wọ́. N kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn! Báwo ni n ó ṣe mọ̀ wọ́n? Ṣé wọ́n wá kí mi rí ni? N kò ní kọ̀wé mọ́! Ta ni ó fún wọn ní àṣẹ láti gba kálámù lọ́wọ́ àgbàlagbà?

Mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ àlùfáà wa bí a ti ń ti ìpàdé bọ̀. Ó ní, "Bàbá Olùkọ́, ìwé kan péré ni. Ẹ kọ ọ́ kí ọmọ náà lè sùn."

Mo ní, "Bí wọ́n bá ní kí ẹ̀yin kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ kò ní gbàdúrà fún ìjọ yín mọ́, ẹ ó kọ ọ́?"

Ó ní kì í ṣe ohun kan náà. Mo ní ohun kan náà ni.

N kò ní kọ ọ́. Kò sí irọ́ nínú ìwé tí mo kọ. Bí òdodo bá wà nílé ìwé náà, kí wọ́n máàkì iṣẹ́ rẹ bí ó ti rí. N kò tíì gbọ́ ọ rí pé a ń fìyà jẹ ọmọ nítorí pé ó ní bàbá.

Bàbá rẹ, tí ó ní orúkọ.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹjọ

Bàbá,

Mo kí yín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ìtàn yín ni mo fẹ́ fi bi yín léèrè. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí ọdún tí ẹ kì í sọ ọ́. Ẹ ní nígbà tí ẹ jókòó fún ìdánwò ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, àyè kan ṣoṣo ni ó kù. Ọ̀gá tó ń máàkì gbé ìwé yín sí ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé ti ẹlòmíràn sí ọwọ́ òsì, ó sì bi àwọn tó dúró tì í pé, "Ọmọ ta ni èyí? Ọmọ ta sì ni èyí?" Wọ́n ní ọmọ olóyè ni ti ọwọ́ òsì. Wọ́n ní ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń kan pósí ni ti ọwọ́ ọ̀tún. Ó fi tiyín sílẹ̀. Ọdún kan gbáko ni ẹ fi wà nílé, tí ẹ ń fá pákó lẹ́yìn bàbá yín, tí ojú ń tì yín láti kọjá níwájú ilé míṣọ́n. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ débẹ̀, ìyá mi a ní, "Ó tó, Bàbá."

Ká ní nọ́ńbà ni wọ́n kọ sórí ìwé yín lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ká ní kò sí bí ọ̀gá yẹn ṣe lè béèrè pé ọmọ ta ni?

Níbí, èmi ni ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà. Orúkọ tí ẹ kọ ránṣẹ́ sí wọn, ẹnu wọn kò tilẹ̀ lè pè é. Nọ́ńbà yẹn nìkan ni ibi tí èmi àti ọmọ olóyè tiwọn ti dọ́gba. Ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ mi.

Oṣù kẹjọ ń parí lọ.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

Èmi ìyá rẹ ni. Má wo ọwọ́ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti di kálámù mú. A dúpẹ́, ara mi le. Omi gbígbóná ni mò ń lò báyìí, kí ìwọ àti dókítà jẹ́ kí n sinmi.

Ìwé rẹ dé. Orí ìdúró ni bàbá rẹ ti kà á. Ó wọlé, ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń kọ, ó ń fà á ya. Mo gbá yàrá yẹn, mo gbá a, ó sú mi. Mo ní, "Bàbá, ṣé bébà lẹ fẹ́ fi rì mí mọ́lẹ̀ ni?" Ó ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìtẹ́. Mo ní, "Ẹni tó ti tẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ibo ló tún kù tí yóò tẹ́ sí?" Ó bínú sí mi, kò jẹun ọ̀sán. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó jẹ ẹ́.

Ìwọ náà, èwo ni ti 114? Èmi ni mo bí ọ. Má dán irú ẹ̀ wò mọ́ láyé rẹ.

Ó ti kọ ọ́. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó tún fà á ya. Èmi fúnra mi ni mò ń gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, tòun ti orúnkún.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kan náà, nínú àpòòwé kan náà

Ọmọ mi,

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kì í ṣe ojúsàájú.

Ìwé tí wọ́n béèrè nìyí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ kò rán mi. Mo kọ ọ́ pé n kò mọ̀ wọ́n. Mo kọ ọ́ pé n kò ní kọ̀wé sí wọn mọ́ lórí ìdánwò rẹ. N kò kọ "ẹ forí jì mí" síbẹ̀. Wọn kò béèrè rẹ̀, èmi náà kò sì fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Má rò pé inú mi ti rọ̀. Inú mi kò rọ̀. Inú ń bí mi sí ẹni tí ó béèrè ohun tí kò kọ́ yín. Ó ń bí mi sí ọ̀gá tí ó béèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ nínú sàréè, tí mo sì ti gbàdúrà pé kí Ọlọ́run dárí jì í, àdúrà tí n kò mọ̀ bóyá gbogbo ọkàn ni mo fi gbà á. Ó ń bí mi nínú pé ọmọ mi ní láti fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ kí wọ́n tó lè wọn ọgbọ́n rẹ̀ bí ó ti tọ́. Ayé tó dára kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ilé tí o wọ̀ nìyẹn, n kò sì gbọdọ̀ tì ọ́ síta nítorí pé n kò fẹ́ràn ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò béèrè pé ọmọ ta ni ọ́. Èmi ni mo sáré lọ dáhùn. Nígbà tí mo ka ìwé rẹ, mo gbọ́ ohùn ọ̀gá náà lẹ́nu ara mi.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi, ìyá mi,

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí ẹ tó ka ìyókù. Ẹ kú ìnáwó àti ìnára, ẹ kú ìrìn orúnkún.

Ó ku díẹ̀ kí oṣù parí ni ìwé yín dé. Akọ̀wé kà á, ó lu òǹtẹ̀ sí i, ó ní, "Bàbá rẹ kò tọrọ àforíjì."

Mo ní, "Wọn kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní irú bàbá tòun náà nìyẹn.

Ìgbìmọ̀ gbé iṣẹ́ mi fún ẹlòmíràn láti máàkì. Wọ́n yọ 114 kúrò, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà mìíràn, èyí tí ẹ kò ní gbọ́ lẹ́nu mi títí láé. Láàárọ̀ yìí, wọ́n lẹ èsì mi nìkan mọ́ ògiri, bébà kékeré kan báyìí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣófo, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún, ilẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Mo dúró díẹ̀ kí n tó gbójú sókè.

Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Àádọ́ta ni ẹni tó bá yege gbọ́dọ̀ ní.

Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ọdún tó kẹ́yìn. Orúkọ mi gan-an ni mo kọ, ní kíkún, títí dé ti bàbá bàbá mi. Akọ̀wé ní kí n rọra pè é fún òun. Ó gbìyànjú.

Ẹni tó máàkì mi kò mọ̀ mí, èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Bàbá, tèmi ni mẹ́tàdínlọ́gọ́ta yìí. Kò sí ẹni tó lè sọ pé wọ́n fún mi nítorí ẹnikẹ́ni.

Ẹ dárí jì mí fún ohun tí mo fi fọwọ́ sí ìwé ọjọ́sí.

Ìyá Oníṣirò yín


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹsàn-án

Ìyá Oníṣirò mi,

Ọpẹ́ kò tó ọpẹ́. Mo ka ìwé rẹ sétí ìyá rẹ, ó fi ẹsẹ̀ kan jó. Mo wólẹ̀ níwájú Ọlọ́run, mo sì pẹ́ níbẹ̀.

Ìgbà tí mo dìde ni inú tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta? Ta ni ó jẹ mẹ́tàlélógójì tó kù? Ìyá rẹ gbọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ má dé ìdí kálámù yẹn o." Mo ní n kò ṣe nǹkan kan. Ó gbé kálámù náà kúrò lórí tábìlì, ó fi sínú agbọ̀n ìránṣọ rẹ̀. Mo ní láti tọrọ rẹ̀ kí n tó lè kọ èyí. Ó dúró tì mí báyìí, ó ń yọjú wò ó bóyá ìwọ ni mò ń kọ ọ́ sí lóòótọ́.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi, a dé ibi tí à ń dárúkọ àwọn tí a fẹ́ dúpẹ́ fún. Àlùfáà wo apá ọ̀dọ̀ mi. Mo dìde. Ọkàn mi fẹ́ kí n pe orúkọ rẹ kí òrùlé gbọ́, kí n pè é tòun ti ti gbẹ́nàgbẹ́nà tó kan pósí. Mo di ẹ̀yìn àga tó wà níwájú mi mú. Mo ní, "Ọmọ kan wà. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n." Mo jókòó. Gbogbo ìjọ ní àmín. Ẹnikẹ́ni kò béèrè pé ọmọ ta ni.

Kí Ọlọ́run tí ó mọ orúkọ rẹ kí n tó sọ ọ́ bùkún yàrá tí o ń gbé, kí oorun rẹ dùn níbẹ̀. Kí ó bùkún ilé ẹni tí ó máàkì ìwé rẹ láìmọ̀ ọ́, níbikíbi tí ó bá wà. Bí ìwé yìí bá sì ṣì lọ́nà, tí ó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìwọ tí o ń kà á, n kò ní bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Kí àlàáfíà wọ ilé rẹ, kí ó jókòó, kí ó má sì jáde mọ́.